Ìwé Òfin Mẹ́rin fún Agboolé Kan

"Jẹun, ọmọ mi. Ẹni tó fẹ́ kọ òfin kì í febi kọ ọ́."

Àlàájà Mùtíátù ló ń sọ̀rọ̀ yìí, bó ṣe tún ń ti àwo mọ́ínmọ́ín sún mọ́ Ganiat. Ganiat ti jẹ ẹyọ kan tán. Ó ń tijú láti mú èkejì, ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò lágbára tó òórùn edé inú mọ́ínmọ́ín ọ̀hún. Ó mú un.

Iṣẹ́ ló gbé Ganiat dé yàrá Àlàájà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agboolé Ọláìtán, kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn ọmọ agboolé Ọláìtán ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, tilé toko, ló pawọ́ pọ̀ da sìmẹ́ǹtì sí àgbàlá ilé bàbá wọn, tí wọ́n sì gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ síbẹ̀. Ẹnì kan ì bá rò pé ayọ̀ ni yóò tẹ̀lé e. Ìjà ló tẹ̀lé e. Lágbájá ń so ewúrẹ́ mọ́ àgbàlá, làkáṣègbè gbé ọkọ̀ dí ẹnu ẹ̀rọ omi, ẹlòmíràn kò jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ pọn omi. Nígbà tí ariwo pọ̀ jù, àwọn àgbà ilé pàdé, wọ́n ní àfi kí àwọn kọ òfin àgbàlá sínú ìwé pẹlẹbẹ kan, kí tọmọdé tàgbà lè mọ ohun tí ilé wí. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lọ fún Àǹtí Olúbùnmi, tó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Lafiaji, níbi tó ti ń bá àwọn ènìyàn kọ ìwé òfin ẹgbẹ́, ìlànà iṣẹ́, ìtàn ilé ìwé, àti ohunkóhun tí oníbàárà bá fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀ lọ́nà tó gún.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí yìí ni Ganiat ti ń kọ́ṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, tó ń retí kí yunifásítì gbà á wọlé. Ó mọ ìwé tẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó mọ ọ̀rọ̀ tò, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n kò tíì dá bójú tó iṣẹ́ oníbàárà rí, àfi èyí.

"Ìwọ lo ni iṣẹ́ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin," ni Àǹtí Olúbùnmi ti sọ fún un. "Lọ bá àwọn àgbà wọn sọ̀rọ̀, kọ ọ́, fún wọn ní èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ tí a bá kà á fún gbogbo ilé, tí wọ́n bá gbà á, o ti kúrò ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn. Èmi fúnra mi ni n ó máa gbé oníbàárà fún ọ. Tí wọn ò bá gbà á, o padà sídìí ìwé títẹ̀."

Inú Ganiat dùn débi pé nígbà tó délé lọ́jọ́ náà, ó fọ abọ́ tí wọn kò ní kó fọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí mọ́ínmọ́ín. Àlàájà gbé gèlè rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ní, "Lórí ọ̀rọ̀ ẹran, kọ ọ́ kó le. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ẹran mọ́ àgbàlá. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ti sú wa nínú ilé yìí!"

"Mo ti kọ ọ́, mà."

Àlàájà wo ẹnu ọ̀nà. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n àgbò tèmi kì í ṣe ẹran bẹ́ẹ̀ yẹn. Ó lójú àánú. Ìmọ́tótó ló sì mọ̀. Ṣáà bá mi fi gbólóhùn kékeré kan sí i fún òun nìkan. Ọlọ́run á fún ọ lọ́kọ rere. Yunifásítì tí o ń wá, wàá wọ̀ ọ́. O ò ní ṣi ẹsẹ̀ gbé."

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ẹni tó ń ṣàdúrà fún un pé rárá? Ẹnu Ganiat tilẹ̀ kún. Ó gbé mọ́ínmọ́ín mì, ó ní, "Kò sí wàhálà, mà. A ó fi sí i."

Láti ibẹ̀ ló ti yà sọ́dọ̀ Bọ̀dá Tàófíìkì, ẹlòmíràn nínú àwọn àgbà ilé náà, tó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jò, tí adìyẹ sì ti ń yé sábẹ́ rẹ̀. Bọ̀dá náà fara mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ọkọ̀ sí àgbàlá. "Àmọ́ o, sister mi, mẹkáníìkì ń bọ̀ wá wo tèmi lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé o get? Kọ ọ́ pé ọkọ̀ tó ń retí àtúnṣe kò sí lára ẹ̀." Ó fún un ní ohun mímu tútù. Ganiat ní a ó fi sí i.

Ìyá Muqtadir, tó ń ṣe ògì tà, ní kí wọ́n máa ti ẹ̀rọ omi pa tí wọ́n bá ti kírun ìṣá tán, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan Ganiat léjìká. "Àfi ẹni tó bá ń rẹ àgbàdo o. Ìwọ náà mọ̀ pé àgbàdo kì í dúró de ènìyàn." Kò sí ẹlòmíràn tó ń rẹ àgbàdo nílé náà. Ganiat tún ní a ó fi sí i. Ẹnu dùn ún ròfọ́, wọ́n ní.

Ìgbà tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ni ojú rẹ̀ là. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, òfin kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́. Yàtọ̀ síyẹn, Bọ̀dá Tàófíìkì yóò rí ti àgbò, Àlàájà yóò rí ti ọkọ̀, ilé yóò sì dàrú. Ó mọ̀ pé ohun tó tọ́ ni kó padà lọ bá wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó rántí bí Àlàájà ṣe ṣàdúrà tó, ẹ̀rù bà á. Wọ́n á ní ọ̀yájú ọmọ ni. Wọ́n á ní àwọn rò pé ọmọ dáadáa ni.

Ló bá ta ọgbọ́n kan. Ó tẹ ti Àlàájà lọ́tọ̀, àgbò wà nínú rẹ̀. Ó tẹ ti Bọ̀dá Tàófíìkì lọ́tọ̀, ọkọ̀ wà nínú rẹ̀. Ti Ìyá Muqtadir, ó fi àgbàdo sí i. Ó wá tẹ èyí tí kò ní àyàfi kankan nínú fún Àǹtí Olúbùnmi, àti fún Bàbá Jíbrílù, olórí ilé náà, tó rìnrìn àjò lọ sí Ìjẹ̀bú ní gbogbo àkókò yìí. Ìwé mẹ́rin fún agboolé kan! Nígbà tó pín wọn, oníkálukú ka tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún ṣàdúrà.

"Ṣé gbogbo wọn ti gbà á?" ni Àǹtí bi í.

"Gbogbo wọn ti gbà á, mà," ni Ganiat dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ Sunday tí wọ́n fẹ́ ka ìwé náà, lẹ́yìn ìrun alásárì, gbogbo ilé ló jáde sí àgbàlá. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n to àga. Àwọn ọmọdé jókòó sórí ọkọ̀ Bọ̀dá Tàófíìkì. Bàbá Jíbrílù ti dé láti Ìjẹ̀bú, ó jókòó sórí àga ìnàyìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ganiat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mú ìwé tirẹ̀ wá. Gbogbo wọn ló mú un wá.

Àǹtí Olúbùnmi dìde, ó kí ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. "Òfin kìíní. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ so ẹran mọ́ àgbàlá. Òfin kejì..."

"Ẹ dúró ná," ni Àlàájà wí. "Ẹ ò tíì ka ìkíní parí."

"Ó ti parí, mà."

"Kò tíì parí o. Tèmi ṣì ń lọ." Àlàájà gbé ìwé rẹ̀ sókè, ó sì kà á sókè ketekete: "Àyàfi àgbò Àlàájà Mùtíátù, nítorí ìmọ́tótó rẹ̀."

"Kí lẹ wí?" Bọ̀dá Tàófíìkì fò dìde. "Kò sí àgbò kankan nínú tèmi!"

"Kí ló wà nínú tìẹ?" ni Ìyá Muqtadir bi í. Kó tó fèsì, ó ti já ìwé náà gbà. "Ọkọ̀ tó ń retí àtúnṣe? Tàófíìkì! Láti ìgbà tí Muqtadir ti ń rá ni ọkọ̀ yẹn ti ń retí àtúnṣe!"

Muqtadir, tó ti ń wọ ṣòkòtò gígùn lọ sílé ìwé báyìí, bú sẹ́rìn-ín. Ariwo ta. Àǹtí Olúbùnmi ká ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó yíjú sí Ganiat. Kò pariwo. "Ganiat, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Irọ́ kan ti dúró sẹ́nu Ganiat, ó ti wọ bàtà, ó kù kó jáde. Yóò ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló dà á rú. Ta ni yóò mọ̀? Ó wo Àǹtí, ó wo àwọn àgbà, ó sì rí i pé bí òun bá sọ èyí, òun yóò tún wá irọ́ mìíràn gbè é lẹ́sẹ̀. Ó kúnlẹ̀ láàárín àgbàlá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èmi ni mo ṣe é. Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín bá ní kí n fi sí i, mo ń ní n ó fi sí i, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè sọ pé rárá fún àgbà. Nígbà tí mo rí i pé àwọn ohun tí ẹ ní kí n fi sí i ò lè bá ara wọn gbé, mo tẹ ti oníkálukú lọ́tọ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo yín nífẹ̀ẹ́ mi ni. Àǹtí kò mọ̀ sí i rárá."

Bàbá Jíbrílù na ọwọ́, ó gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi awò sójú. Ó ka ti àgbò. Ó ka ti ọkọ̀. Nígbà tó kan ti àgbàdo, èjìká rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ṣí awò kúrò lójú.

"Àlàájà ò sí nínú òfin. Tàófíìkì ò sí nínú òfin. Ìyá Muqtadir ò sí nínú òfin. Ta ló wá kù tí a fẹ́ kọ ọ́ fún? Èmi àti adìyẹ abẹ́ ọkọ̀?"

Ẹ̀rín tó sọ ní àgbàlá náà, wọ́n gbọ́ ọ dé òdìkejì òpópónà. Àlàájà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú. "Ẹ má bá ọmọ náà wí," ló ní. "Mọ́ínmọ́ín ni mo fi mú un."

"Ohun tá a bá jọ wò, gígún ló ń gún," ni Bàbá Jíbrílù wí. "Dìde, Ganiat. Mú kálàmù. Kọ ọ́ níwájú gbogbo wa báyìí."

Ganiat nu ojú. Ó ka òfin ẹran, ó ní, "Àlàájà ní ọ̀rọ̀ lórí èyí. Kí ni ilé wí?" Ilé jiyàn, ilé yẹ̀yẹ́ ara wọn, ilé sì fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni lè so àgbò sí ẹ̀yìn ilé bí Ìléyá bá ti sún mọ́lé, kí ẹni tó ni ín máa gbálẹ̀ rẹ̀. Àlàájà ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, níwọ̀n ìgbà tí kò ti jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń wò. Lórí ẹ̀rọ omi, wọ́n ní kí Ìyá Muqtadir máa pọn tirẹ̀ sílẹ̀ sínú àgbá kí wọ́n tó kírun ìṣá. Nígbà tó kan ọkọ̀, àwọn ọ̀dọ́ ilé kò tilẹ̀ dúró de òfin. Wọ́n dìde, wọ́n ní bí Bọ̀dá bá lè jókòó sídìí ọkọ̀, àwọn yóò tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bọ̀dá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbà. Adìyẹ sá jáde pẹ̀lú ìbínú.

Lẹ́yìn òfin kọ̀ọ̀kan, Ganiat á kà á sókè, á béèrè pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ilé wí?" Wọ́n á dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni!" Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Kì í ṣe òun ló ń kọ̀ fún àgbà kankan. Gbogbo wọn ló ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ òun ni kí òun gbọ́ ọ, kí òun sì kọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n yan Bàbá Jíbrílù pé òun ni yóò máa jẹ́ ẹnu ilé bí àtúnṣe bá tún kù.

Bí Ganiat ṣe ń kó ìwé rẹ̀ jọ, Bàbá Jíbrílù, ẹnu ilé tuntun náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọmọ mi, o kúkú rí òfin tó ní kí ohunkóhun má dí ẹnu ọ̀nà. Àga mi yìí, ibẹ̀ ni mo ti ń gba atẹ́gùn. Rọra fi í sí i. Kò kan ẹnikẹ́ni."

Ó rí i pé Àǹtí Olúbùnmi ń wo òun láti ọ̀ọ́kán. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Mo gbọ́ yín, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gbé e síwájú ilé kí n tó kọ ọ́." Ó sì gbé ohùn sókè: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá ní ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí àga wọn!"

"Mo kàn ń dán an wò ni!" ni Bàbá Jíbrílù ké. Kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì gbà kí àga náà sún mọ́ ògiri díẹ̀, níbi tí atẹ́gùn yóò ti máa fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

Nígbà tí Ganiat àti Àǹtí Olúbùnmi ń lọ sílé, tí wọ́n yọ sí òpópónà, Àǹtí yíjú sí i.

"O parọ́ fún mi nígbà tí o ní wọ́n ti gbà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

"Lọ́la, wàá lọ bẹ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá wọn, láìjẹ nǹkan kan. Tí o bá ṣe é tán, oníbàárà kan ń bọ̀ láti Pópó Àgùdà lọ́jọ́ Wednesday. Ìwọ ni kó o gbà á lálejò. Iṣẹ́ rẹ ni."

Ganiat dúró sójú ọ̀nà. "Èmi? Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe, mà?"

"Nítorí ohun tí o ṣe gbẹ̀yìn ni. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni fún gbogbo ènìyàn ní kọ̀rọ̀, dandan ni kó já gbogbo wọn kulẹ̀ ní gbangba. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀wọ̀ àgbà ni ká máa gba ohun gbogbo tí wọ́n bá wí. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìyẹn, ìbẹ̀rù ni. Ọ̀wọ̀ ni kí èèyàn kúnlẹ̀, kó sì sọ òótọ́ lórí ìkúnlẹ̀."