Igi Ọsàn Kan Ṣoṣo

Orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin olóko bá ayàwòrán kan láàárín àwọn ọmọ igi ọsàn bàbá rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán lẹ́nu, tó ranjú mọ́ labalábá kan bí ẹni ebi ń pa ṣe ń wo ọbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀ ń bẹ labalábá yẹn ni?" Omi ń dà nù nínú garawa ọmọ olóko nítorí ẹ̀rín.

"Mò ń yà á ni. Ẹ wo ìyẹ́ dúdú kirikiri, tí ààmì àwọ̀ ìyeyè tò sí! Ẹ wo ahọ́n tó ká jọ bí okùn, bó ṣe ń nà á mu omi òdòdó."

Ọmọbìnrin náà ò wo labalábá mọ́, ayàwòrán ló ń wò. Ìfẹ́ ti wọlé láìkágò.

Ayàwòrán tọrọ ọmọ labalábá kan, kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́, lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, ó sáré gbé ìgò tó fi í sí dé.

"Kò jẹun o! Òdòdó oríṣìí mẹ́rin ni mo já fún un."

"Áà, Baba Labalábá! Ìyá ẹ̀ ló ń mu omi òdòdó. Ewé ọsàn lọmọ ń jẹ. Ṣé eegun lẹ fi ń bọ́ ọmọ ọwọ́ nílé yín ni?"

Àmọ́ kòkòrò wọ̀nyẹn ló ń jẹ igi bàbá rẹ̀ kù ní ọ̀pá lásán. Nígbà tí ayàwòrán wá tọrọ ìyàwó, bàbá fárígá. "Kí n fọmọ mi fún ẹni tó ń sin ọ̀tá mi? Ó tì o!"

Ọmọbìnrin náà sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Ọkàn mi, dákẹ́," ni ayàwòrán wí. "Mo ní igi ọsàn kan lẹ́yìnkùlé. Ṣa gbogbo kòkòrò oko yín wá síbẹ̀."

Láràárọ̀ ni ọmọbìnrin náà ń ṣà wọ́n sínú agbọ̀n. Kó tó oṣù méjì, oko bàbá tutù yọ̀yọ̀, oníbàárà ń wọ́ wá.

"Oògùn wo lo fín sí i?"

"Oògùn kọ́, Bàbá. Baba Labalábá ni."

Bàbá tẹ̀ lé e lọ sílé ayàwòrán. Igi ayàwòrán dúró ní ìhòòhò, ewé kan ò kù. Labalábá tuntun ń fò káàkiri orí rẹ̀.

"Ìgbà wo ni ì bá so?" ni bàbá bi ayàwòrán.

"Ọdún yìí ni, sà. Ẹkún ọmọ yín ló dùn mí ju ọsàn lọ."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. "Ẹni tó fi igi kan ṣoṣo tó ní bọ́ kòkòrò, ebi ò ní pa ọmọ mi nílé ẹ̀ láéláé."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bàbá fúnra rẹ̀ ló ru ẹ̀bùn wá, ọmọ igi ọsàn méjì.

"Ọ̀kan tiyín," ó ní, "ọ̀kan ti àwọn alájẹkì yín."