Òwú Pupa Lára Aṣọ Tí A Kò Sè

Obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í mutí. Kì í gba ọkọ ọlọ́kọ. Kò so oògùn mọ́ ìdí rí. Bí o bá rò pé ìwé àwọn ọ̀mùtí ni wọ́n fún ọ, má tíì jù ú nù. Ìjókòó iwájú ni ẹlẹ́ṣẹ̀ inú rẹ̀ ń jókòó sí nínú ilé àdúrà.

Àkọ́dé ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ní ilé àdúrà tí ó ń lọ, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò lu agogo ní aago márùn-ún, òun náà ni yóò sì dá orin àkọ́kọ́. Fún ọdún mọ́kànlá, kò sí ẹni tí ó ṣíwájú rẹ̀ dé. Òjò ń rọ̀, ó ti dé. Ara rẹ̀ gbóná, ó ti dé. Àwọn ìyá ń fi í bá ọmọ wọn wí: "Ẹ wo Àkọ́dé, ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

Ilé ìwòsàn tí ó wà lódìkejì títì ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni ó ń fọ̀. Yàrá ìfọṣọ wà lẹ́yìn pátápátá, ilẹ̀ rẹ̀ kì í gbẹ, ògiri rẹ̀ ń làágùn. Dírọ́ọ̀mù ńlá mẹ́ta wà lórí iná níbẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí: aṣọ tí wọ́n bá yọ lábẹ́ aláìsàn, a ó fọ̀ ọ́, a ó ṣàn án, a ó sì sè é nínú omi tó ń hó fún odidi wákàtí kan. Èyí tí a bá ti sè, a ó so òwú pupa mọ́ etí rẹ̀ kí a tó sá a. Nọ́ọ̀sì kankan kò gbọdọ̀ tẹ́ aṣọ tí kò ní òwú pupa. Ìgbà tí aṣọ bá tún padà wá fún fífọ̀ ni a ó gé òwú náà kúrò.

Aṣọ òwúrọ̀ kò ní wàhálà. Aṣọ ọ̀sán ni wàhálà. Láti yàrá àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni ó ti ń wá, ó sì ń pẹ́ kí ó tó dé. Ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, tí yóò sè é, tí yóò sá a, agbára káká ni yóò fi kúrò níbẹ̀ kí aago márùn-ún tó lù.

Ní ọjọ́ kan, igi ìdáná tutù, omi kọ̀, kò hó. Àkọ́dé wo aago. Ó yọ aṣọ márùn-ún jáde nínú omi tí kò gbóná, ó so òwú pupa mọ́ wọn, ó ní, "Ọlọ́run mọ ọkàn mi." Ó sáré lọ lu agogo.

Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó pé oṣù mẹ́ta, kò wo ojú omi mọ́ rárá. Ohun tí a bá ń ṣe lójoojúmọ́ kì í jọni lójú. Ọdún kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́ta. Kò ronú pé irọ́ ni òun ń pa. Kò ronú nípa rẹ̀ rárá ni.

Ìyá àgbà kan ń lọ aṣọ nínú yàrá kejì. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Òun náà ń lọ sí ilé àdúrà yẹn, àmọ́ ó máa ń pẹ́, nítorí kì í kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ títí aṣọ yóò fi tán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pe Àkọ́dé lójú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Àkọ́dé, aṣọ ọ̀sán àná yìí, ṣé o sè é?"

"Ẹ ò rí òwú lára rẹ̀ ni?"

"Mo rí òwú. Àmọ́ òórùn tó jáde nígbà tí áyọ́ọ̀nù kàn án kì í ṣe ti aṣọ tí wọ́n sè. Imú mi ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí imú yín sinmi. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé ìgbà tí a bá ń parí àdúrà lẹ máa ń wọlé! Àmín ló yẹ kí wọ́n máa pè yín, torí òun nìkan lẹ máa ń bá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Áyọ́ọ̀nù náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Àmín náà kò burú. Ṣùgbọ́n, ọmọ mi, ẹni tí ò ń sìn nírọ̀lẹ́, ṣé kì í sí nínú yàrá yìí lọ́sàn-án ni?"

Àkọ́dé ti ń wọ bàtà.

Ó ní àbúrò obìnrin kan ṣoṣo. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò yìí ṣì ń rákò, ẹ̀yìn Àkọ́dé ni ó dàgbà sí. Onídìrí ni. Nígbà tí inú ń run ún láìdáwọ́ dúró, wọ́n gbé e wá sí ilé ìwòsàn yìí, wọ́n la inú rẹ̀, wọ́n yọ ohun tí ó ń dà á láàmú. Iṣẹ́ abẹ náà dára. Ní ọjọ́ kejì ó ti ń bá ìyá arúgbó tí ó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣàwàdà.

Ìyá Ojú Fèrèsé ní, "Onídìrí, tí a bá délé, wàá di irun mi lọ́fẹ̀ẹ́."

"Irun wo, Màmá? Ẹyọ méje tó kù yìí?"

"Di méje náà. Ṣáà ti jẹ́ kó gún régé."

Àbúrò fi ọwọ́ di inú mú. "Màmá, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín o, inú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ di rírán ni!"

Ọjọ́ kẹrin, ara rẹ̀ gbóná. Nọ́ọ̀sì tú egbò náà, gbogbo yàrá gbọ́ òórùn rẹ̀. Àkọ́dé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ilẹ̀, nítorí kò fẹ́ wo egbò. Ibẹ̀ ni ó ti rí etí aṣọ tí àbúrò rẹ̀ sùn lé. Ojú áyọ́ọ̀nù ti jó o nígbà kan, àmì náà pupa rúsúrúsú. Ó mọ aṣọ yẹn. Abẹ́ ọkùnrin kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà ni wọ́n ti yọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọwọ́ òun ni ó fi fọ̀ ọ́. Kò sè é. Òwú pupa wà ní etí rẹ̀, ìso méjì, bí òun ṣe máa ń so ó.

Kò ké. Ó fa aṣọ náà kí ó má baà ká jọ sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn. Nígbà tí ó wo aago, ó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù. Ó lọ, ó lu agogo.

Wọ́n gbàdúrà fún àbúrò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n kígbe, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àkọ́dé dá orin bí ẹni tí ń ka nọ́ńbà ojúlé. Kò dùn ún, kò bà á lẹ́rù. Gbogbo inú rẹ̀ kú típiri, bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé pẹ́. Ó ní láti ọ̀la lọ òun yóò máa sè gbogbo aṣọ, Ọlọ́run yóò sì gbójú fo èyí tí ó ti lọ.

Lóòótọ́, ó sè é ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Àmọ́ àwọn tí ó ti so òwú irọ́ mọ́ ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì àti nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ kẹta yẹn, aṣọ ọ̀sán dé. Nọ́ọ̀sì tí ó gbé e wá ní, "Ti Ìyá Ojú Fèrèsé wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti lọ láàárọ̀."

"Wọ́n ti lọ sílé?"

"Wọ́n kú."

Dókítà ní ó lè jẹ́ ọjọ́ orí, ó sì lè jẹ́ egbò iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún wọn ló kẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ. Àkọ́dé di aṣọ náà mú. Ó wá etí rẹ̀ kàn. Òwú pupa, ìso méjì.

Ó gbé e lọ sí yàrá kejì, omi ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, mi ò sè é."

Ìyá Áyọ́ọ̀nù gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Mo mọ̀."

"Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀." Ìyá náà jókòó. "Èmi náà jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, mo panu mọ́."

"Ẹkún ò wá, Màmá. Ó dà bíi pé mi ò ní ọkàn mọ́. Tí mo bá gbàdúrà, bíi ká máa sọ̀rọ̀ sínú dírọ́ọ̀mù òfìfo ni."

"Ta ló béèrè ẹkún lọ́wọ́ rẹ? Jésù ò kú torí kó o lè rí ẹkún sun. Ó kú torí ẹ̀ṣẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ lo ṣe àbí àṣìṣe?"

"Ẹ̀ṣẹ̀ ni."

"Sọ fún un bẹ́ẹ̀. Má ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Tó o bá parí, lọ sọ fún Mátírọ́ọ̀nù, torí àwọn èèyàn ṣì wà lórí aṣọ rẹ báyìí."

"Wọ́n á lé mi."

"Wọ́n lè lé ọ."

"Àbúrò mi ńkọ́? Tó bá gbọ́?"

"Òun náà wà lórí rẹ̀, Àkọ́dé."

Kò kúnlẹ̀, nítorí omi wà nílẹ̀. Ó dúró, aṣọ òkú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní: "Jésù, ojoojúmọ́ ni mò ń purọ́ fún ọ pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ fi bẹ̀ ọ́. Dárí jì mí nítorí pé o kú fún mi. Gbà mí." Ó tán. Ìmọ́lẹ̀ kankan kò tàn. Ara rẹ̀ kò gbọ̀n. Ìyá Áyọ́ọ̀nù ṣe àmín, ó sì pa iná áyọ́ọ̀nù.

Wọ́n jọ lọ sí ọ́fíìsì Mátírọ́ọ̀nù. Àkọ́dé ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí agogo ilé àdúrà dún lódìkejì títì. Ẹlòmíràn ló lù ú. Àkọ́dé gbọ́ ọ tán, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mátírọ́ọ̀nù bọ́ awò ojú rẹ̀. "Àkọ́dé, aṣọ mélòó?"

"Mi ò mọ iye ẹ̀, mà. Gbogbo aṣọ ọ̀sán."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó gbogbo aṣọ yàrá àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àkọ́dé àti Ìyá Áyọ́ọ̀nù sè é, dírọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Àkọ́dé máa lọ sílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó ránṣẹ́.

Egbò àwọn aláìsàn tí ó kù gbẹ. Àbúrò rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó yè é. Àkọ́dé fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún un. Àbúrò yíjú sí ògiri. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mi." Títí di òní ó ń kí i bí wọ́n bá pàdé, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ilé rẹ̀. Àkọ́dé tún wá àwọn ọmọ Ìyá Ojú Fèrèsé lọ. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kò bínú sí wọn.

Mo mọ̀ pé ò ń dúró de ibi tí ayọ̀ yóò ti wọlé. Kò wọlé kíákíá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á padà, ó ń wo omi tó ń hó, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé, "Baba, ẹ ṣé fún omi gbígbóná." Ó dé inú. Ọ̀rọ̀ àdúrà àkọ́kọ́ tí ó dé inú láti ọdún mẹ́ta nìyẹn.

Ó ń pẹ́ dé ilé àdúrà báyìí. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ó ń jókòó sí, òun àti Ìyá Áyọ́ọ̀nù. Bí wọ́n bá ti yọ, Ìyá Áyọ́ọ̀nù á sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí pé, "Àmín méjì ti dé."

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ ló kù. Bóyá o mọ orin. Bóyá wọ́n mọ̀ ọ́ mọ́ ìjókòó rẹ. N kò bi ọ́ nípa ìyẹn. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́ lánàá, ìyàwó tí ó wà nílé, ọkọ, ọmọ, ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ọ tí kò sì sí níbi tí ó ti lè wò ọ́: níbo ni o ti so òwú pupa mọ́ ohun tí o kò sè?

Má dúró de ẹkún. Ẹkún lè má wá. Má sọ pé o fẹ́ kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe, Àkọ́dé fi ọjọ́ méjì tún tirẹ̀ ṣe, ìyá kan sì kú. Jésù ti kú fún ẹ̀ṣẹ̀ yẹn gan-an, ó sì jíǹde. Sọ fún un, pe orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà bó ṣe jẹ́, kí o gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí ó yẹ kí o lọ bá.

Ẹnì kan wà lórí aṣọ yẹn báyìí. Lọ tú òwú náà lónìí.