Rọ́bà Kẹ́ẹ̀gì Tí Mo Ta Ní Kókó

Èmi ni. Kí ẹlòmíì tó sọ ọ́ fún yín, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Èmi arúgbó tó ti tọ́ ọmọ, tó tún ń tọ́ ọmọ-ọmọ, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ta rọ́bà kẹ́ẹ̀gì ní kókó. Kókó méjì! Ọ̀kan kò tó mi.

Àkọ́bí mi obìnrin, Tíṣà là ń pè é, ló ń fi koríko ṣe epo ìdáná. Yóò gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, yóò sè é, yóò fi èròjà kan sí i tó ń sọ ọ́ di omi ṣúgà. Tó bá tutù, yóò bu yíìsì sí i, irú èyí táwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Yíìsì á jẹ ṣúgà náà, á sọ ọ́ di ọtí líle. Níbi iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń se ọtí yẹn, tí wọ́n ń gba ooru rẹ̀, tí wọ́n ń mú un tutù, tó fi ń di epo sítóòfù.

Kẹ́ẹ̀gì tó kó omi ṣúgà àti yíìsì náà sí wà nígun ilé ìdáná wa. Rọ́bà tín-ín-rín kan gba ojú ìdérí rẹ̀ jáde, ó ki ẹnu bọ inú ìgò omi. Omi náà ń ta pọ́kọ́-pọ́kọ́.

Mo ní, "Háà, agbára epo ọmọ mi ló ń jò dànù yìí!"

Bí Tíṣà ṣe jáde, mo ta rọ́bà ní kókó, mo fi àkísà bò ó, mo sì tún lọ́ ìdérí le dáadáa. Inú mi dùn. Mo rò pé oore ni mo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó ọmọ mi ọkùnrin jókòó sórí àpótí, ó fẹ̀yìn ti kẹ́ẹ̀gì, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Tíṣà wọlé.

"Màmá, kí ló dé tí kẹ́ẹ̀gì yìí yọkùn bí aboyún oṣù mẹ́sàn-án?"

Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà. "Bóyá ó jẹ àjẹkì ni."

"Àfàìmọ̀ kí ìdọ̀tí má ti dí rọ́bà. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i."

Ó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ wà lókè ìdérí gan-an. Ìtìjú di mí lẹ́nu. Ìgbà tó di ìdérí mú ni ohùn mi tó jáde.

"Tíṣà, má ṣí i! Èmi ni mo ta rọ́bà ní kókó, láti àná!"

Ó fò sẹ́yìn. "Ìyàwó wa, gbé ọmọ, bọ́ síta! Màmá, ẹ pa sítóòfù, kẹ́ ẹ tẹ̀ lé e!"

Ó ṣí fèrèsé, ó fi aṣọ nínípọn tó rẹ sómi bo kẹ́ẹ̀gì, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tú kókó díẹ̀díẹ̀. Ṣììììì! Ó pẹ́ kí ikùn yẹn tó wálẹ̀.

Nígbà tó bá wa níta, ó ní, "Màmá, ta ló rán yín níṣẹ́?"

"Agbára rẹ̀ ló ń jò, ọmọ mi."

"Kì í ṣe agbára. Yíìsì ń jẹun ni, afẹ́fẹ́ sì ń jáde lára rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ ẹ̀wà, tí wọ́n ní kí ẹ má só títí di ọ̀la ńkọ́?"

"Háà! Gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí ìró mi fi tú.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kẹ́ẹ̀gì tí yíìsì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó wà, kó jìnnà sí iná àti ọmọdé. Ilé ìdáná wa kọ́ ni àyè rẹ̀, Tíṣà náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Tó bá wú, ẹ kó èèyàn kúrò, ẹ pa iná, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má gún un, ẹ má gbé ojú yín sókè ìdérí rẹ̀. Ẹ má da epo yìí sínú sítóòfù tó ń jó tàbí tó ṣì gbóná, torí iná rẹ̀ kì í hàn nínú oòrùn. Ẹ̀yin tí ọ̀fun ń yún, kì í ṣe mímu o! Tí ẹ bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ. Ojú tó tì sàn ju ojú tó fọ́ lọ.

Mo ṣì ń fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tí ìyàwó ọmọ mi, tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́, gbójú sókè.

"Màmá, ká ní ẹ dákẹ́ ńkọ́?"