Ọkọ̀ Oníná Wọ Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì

Oníbúrẹ́dì ń fi ẹ̀yìn rìn jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé páálí búrẹ́dì gbígbóná mọ́ àyà, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró gírí lẹ́yìn rẹ̀ láìdún rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ọkọ̀ náà, páálí já bọ́. Nígbà tó yíjú padà, obìnrin adúmáadán kan ló rí, tó fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ò fara pa?"

"Rárá o. Àbí ọkọ̀ yín yadi ni?"

"Iná ló ń lò, kì í pariwo."

Nọ́ọ̀sì ni, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Ó ra gbogbo búrẹ́dì tó bọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó tún padà wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé búrẹ́dì àná ṣì kún ilé ẹ̀. Kò pẹ́, "ẹ" di "o", ọ̀rẹ́ di olólùfẹ́.

Ọkọ̀ ni wọ́n fi máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀, torí oníbúrẹ́dì náà ní ọkọ̀ tirẹ̀, epo bẹntiróòlù nìyẹn ń lò.

"Ààyò mi, ọkọ̀ ẹ ń mu epo bí ọ̀mùtí. Ohun tí mo ń ná sórí iná lóṣù kan, tìẹ ń mu ún tán lọ́sẹ̀ kan."

"Tí bátìrì ẹ bá kú ńkọ́? Owó bátìrì tuntun á pa ẹ́ lẹ́kún."

"Ìwọ lo máa nù mí lójú."

Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni bàbá oníbúrẹ́dì. Ọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì ló fi tọ́ ọmọ náà dàgbà. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì lọ kí i, ó bi nọ́ọ̀sì pé:

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn?"

"Kì í lo ọ́ìlì, sà."

"Púlọ́ọ̀gì ńkọ́?"

"Kò ní, sà."

Ojú bàbá kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Tí gbogbo èèyàn bá ra irú ọkọ̀ ẹ̀, kí ni màá jẹ? Mi ò fẹ́ obìnrin yẹn nílé mi."

Ọmọ bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀ jálẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́, kò wá ra búrẹ́dì mọ́. Oníbúrẹ́dì wá ń gbàgbé ṣúgà, àwọn oníbàárà ń ráhùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò bá ìjà wá. Táyà mi ti jẹ, abẹ́ ọkọ̀ sì ń dún gbàgà-gbàgà. Mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè gbé e fún."

Bàbá fajú ro, ṣùgbọ́n ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

"Háà! Bátìrì yìí mà wúwo o! Abájọ! Kì í mu epo, ṣùgbọ́n ó ń jẹ táyà! Iṣẹ́ ò lè tán lọ́wọ́ mi."

Ó nu ọwọ́, ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. "Máa bọ̀, wá mú ìyàwó ẹ."

Oníbúrẹ́dì sáré dé tòun tìyẹ̀fun lọ́wọ́.

"Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Mo ti gbà kó o tó béèrè."

Oníbúrẹ́dì gbá a mọ́ra. Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tó kọ́kọ́ bẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ojú àtẹ́lẹwọ́ funfun méjì wà lẹ́yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláró. Ìyá fẹ́ bá a gbọ̀n ọ́n nù.

"Rárá, màmá," ló wí, "ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."