Wáyà Tó Bá Káàdì Lọ

Ihò ni ọmọbìnrin apòògùn kan kọ́kọ́ rí. Agogo méje àárọ̀ ni, ó ti wẹ̀, ó ti múra ibi iṣẹ́, ó kàn ní kí òun yọjú wo kọ̀ǹpútà géèmù tí òun àti àfẹ́sọ́nà òun fi oṣù mẹ́fà yan ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Káàdì àwòrán, ẹ̀yà tó gùn jù nínú rẹ̀, tó ń mú kí géèmù dán lójú bí ìgbà téèyàn wà níbẹ̀, ti fò lọ.

Ìlẹ̀kùn kò já, fèrèsé kò fọ́. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí kọ̀ǹpútà náà wà kò ju méjì lọ: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì lọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wẹ́dà kan tó jẹ́ pé ẹ̀rín rẹ̀ nìkan ti tó láti mú obìnrin gbàgbé orúkọ ara rẹ̀. Ó pè é lórí fóònù.

"Má wá sílé wa mọ́ láé!" Ó gé fóònù. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó pe ọlọ́pàá, omijé ti ba àtíkè jẹ́ lójú rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá jẹ́ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ojú-Abẹ́rẹ́ làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé ohun tó bá kéré jù nínú yàrá ló máa ń kọ́kọ́ rí.

"Ìgbà wo lo rí i kẹ́yìn?"

"Àná láàárọ̀, mà. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá náà kí n tó lọ wẹ̀. Nígbà tí mo jáde ní balùwẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́, mi ò wọ ibẹ̀ mọ́ títí di àárọ̀ yìí."

"Káàdì nìkan ni wọ́n mú?"

"Òun nìkan, mà."

"Tún un wò."

Ọmọbìnrin náà tan tọ́ọ̀ṣì sínú kọ̀ǹpútà. "Háà! Wáyà rẹ̀ náà ti lọ. Èyí tó ń gbé iná wá fún un láti inú àpótí iná kọ̀ǹpútà. Wọ́n yọ ọ́ lórí, wọ́n yọ ọ́ ní ìdí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fọtógíráfà tó ń gbé yàrá kejì, ká apá mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, ẹ má da ara yín láàmú. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìwọ náà ń gbá géèmù?"

"Mo ní kọ̀ǹpútà tèmi. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe wàhálà bíi tàwọn méjèèjì yìí. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kàwé kiri bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò! Ohun tó bá ti wọ ihò, ó bá a mu náà nìyẹn."

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ nǹkan sílẹ̀, ó kọrí sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin tó ta káàdì náà fún wọn. Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì ni wọ́n ń pè é. Bó bá ń rìn, nọ́ọ̀tì irin inú àpò rẹ̀ ń dún ṣaworo.

"Ẹ tú àpò mi wò, mà! Nọ́ọ̀tì ló kún ibẹ̀, káàdì ò lè gbà síbẹ̀."

"Fara balẹ̀. Bí olè bá fẹ́ ta káàdì yẹn, ṣé ó nílò wáyà rẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Àpótí iná tó bá wáyà yẹn wá nìkan ló wúlò fún. Ẹ fi sí àpótí iná ilé iṣẹ́ mìíràn, ẹnu rẹ̀ á wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ètò iná inú rẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì báyìí, èéfín!"

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹni tó bá kàwé rẹ̀, mà."

Ní ibi iṣẹ́ wẹ́dà, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣí ìbojú rẹ̀ sókè. Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í sì í ṣe iná ló mú un pọ́n.

"Ta ló rí ọ níbí láná?"

"Èmi nìkan ni mo wà, mà. Àfi kí ẹ bi irin." Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ẹ bá mi fún un. Ẹni tó bá lè rò pé mo lè ja òun lólè…"

Ìwé kékeré kan wà lórí tábìlì. Ìnsípẹ́kítọ̀ ṣí i. *Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà yìí gba ọpọlọ ẹ̀rọ yìí. Káàdì á gba inú rẹ̀, ìka méjì á ṣẹ́ kù. Má fi wáyà àpótí iná kan sí òmíràn láé!* Wọ́n fi báírò pupa fa ilà sábẹ́ èyí tó kẹ́yìn.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni. Òun ló fa ilà."

Lọ́sàn-án, Ìnsípẹ́kítọ̀ padà sílé náà, ó kan ìlẹ̀kùn fọtógíráfà, ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e. Lọ́fínńdà ló gba gbogbo yàrá, òórùn rọ́bà tó jóná sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n da aṣọ bo kọ̀ǹpútà tó wà ní igun.

"Ó ti bàjẹ́," ni ẹ̀gbọ́n sọ. "Iná ló ṣe ségesège láná."

"Fáànù rẹ ń yí. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà rẹ nìkan ni iná náà mọ̀ lójú?" Ó ká aṣọ náà. Káàdì gígùn náà wà níbẹ̀, kò rí àyè tó, ó yọ imú síta. Wáyà rẹ̀ ti yọ́ mọ́ àpótí iná, kò ṣeé fà tu.

Ọmọbìnrin náà pariwo. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀yin?"

"Olè tó fẹ́ tà á kì í yọ wáyà," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ. "Ẹni tó yọ wáyà fẹ́ lò ó ni. Wẹ́dà àti Ọ̀gá Nọ́ọ̀tì ò lè fi wáyà yẹn ṣèèṣì. Wọ́n mọ ohun tó máa fà. Ẹni tó sọ fún mi pé ohun tó bá wọ ihò ti bára mu ló kù. Nítorí náà mi ò wá káàdì kiri, èéfín ni mo ń wá. Ìwọ ọmọ yìí, bó o bá ń wẹ̀, ibo ni kọ́kọ́rọ́ rẹ máa ń wà?"

"Orí fíríìjì, mà," ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti kéré.

Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Látìgbà tí Màmá ti kú, èmi àti ìwọ nìkan ló kù nílé yìí. Oṣù tó ń bọ̀ lo máa kó lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ. Mo ní bẹ́ ẹ bá jà díẹ̀… Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ gbé e jù sí. Mo kàn ní kí n kọ́kọ́ wo bó ṣe ń ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ló mú ọ," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. Ó yíjú sí àbúrò. "Ṣé kí n mú un lọ?"

"Kó bá yín lọ, mà. Kó lọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni. Tó bá yá, mo máa wá bá a níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ni."

Ọmọbìnrin náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí dé ibi iṣẹ́ wẹ́dà. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Kì í ṣe ìwọ," ni ọmọbìnrin náà sọ.

"Mo mọ̀."

"Ọlọ́pàá ti ṣàlàyé fún mi."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ìwọ ló yẹ kó ṣàlàyé fún ọlọ́pàá."

Ọmọbìnrin náà sún mọ́ ọn. Àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò jókòó síbẹ̀. Àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ló jókòó sí, níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, nínú erùpẹ̀ irin, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ funfun rẹ̀. Wẹ́dà náà kò lé e, kò sì pè é sókè. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó sún ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ọmọbìnrin náà lè rí ibi fẹ̀yìn tì.