Mẹ́rìndínlógún Tó Ju Méjìdínlógún Lọ

Gbogbo ẹja dídì tó wà ní yàrá Alhaja Màríyámọ̀ ní Mile 12 ló jóná di èédú láàárọ̀ Wẹ́sìdeè. Baba ọlọ́dẹ tó fẹ́ pa iná náà wà ní ọsibítù, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ta ni wọ́n mú? Sherifdeen, ẹni tó yí wáyà mọ́tò tó ń mú yàrá náà tutù. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin látìmọ́lé ní àgọ́ ọlọ́pàá Ketu, ẹ̀wọ̀n ló sì kàn. Inspẹ́kítọ̀ Ruqoyah nìkan ló ní òun kì í jẹ oúnjẹ tí kò jinná, ẹjọ́ yìí ò sì tíì jinná.

Rahmon ló mú ìwé tí Sherifdeen ń kọ iṣẹ́ sí wá fún un. Ọdún méjìlá ni òun àti Sherifdeen ti jọ ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkòsí: Sherifdeen ń yí wáyà, Rahmon ń wá oníbàárà. Láràárọ̀ ló ń gbé ẹ̀wà wá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ látìmọ́lé.

"Ọ̀gá madam, ẹ wo ibí. Gééjì wáyà, 18 ni Sherif kọ́kọ́ kọ. Ó fagi lé e, ó kọ 16, ó fi wáyà tín-ín-rín yí mọ́tò olówó. Ó dùn mí o, àmọ́ òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́."

"16 ló tín-ín-rín ju 18 lọ?"

"Haba, madam! Ṣé mẹ́rìndínlógún tó méjìdínlógún ni?"

Ruqoyah pa ìwé náà dé. Sherifdeen búra pé òun ò fagi lé nǹkan kan, àmọ́ ta ni yóò gbọ́? Ruqoyah kọrí sí Mile 12.

"Fíúsì ló ń já ṣáá," ni Alhaja wí. "Mo pe ṣọ́ọ̀bù wọn. Rahmon wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ó fi wáyà kan sí i, kò já mọ́."

"Ẹ ò sọ èyí fún ọlọ́pàá?"

"Ta ló bi mí?"

Nígbà tí Ruqoyah padà dé Ketu, ó ní kí wọ́n mú Sherifdeen jáde, kí wọ́n pe Rahmon wọlé. Ó kó wáyà méjì tó mú bọ̀ láti Mile 12 sórí tábìlì, ó fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n lójú wọn.

"Ti mọ́tò rèé, mílímítà 1.22. Gééjì 18 gan-an nìyẹn, iṣẹ́ Sherifdeen ò lábùkù. Ti inú fíúsì rèé, 1.63. Gééjì 16 nìyẹn. Rahmon, èwo ló nípọn?"

Rahmon tọ́ka sí ti inú fíúsì.

"Láyé àtijọ́, iye ìgbà tí wọ́n fa wáyà gba ojú ihò ni nọ́ńbà gééjì ń kà. Bí wọ́n bá ṣe ń fà á tó ni ó ń tín-ín-rín. Kò sí ẹni tó ń yí wáyà tí kò mọ̀ ọ́n. Bí Sherifdeen bá fẹ́ rẹ́ Alhaja jẹ, ó máa gòkè sí 20 ni, kò ní sọ̀ kalẹ̀ sí 16. Ẹni tó kọ 16 yìí rò pé nọ́ńbà tó kéré ni wáyà tó kéré. Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìwọ náà lo fi 16 sínú fíúsì tí kò fi lè já nígbà tí iná mànàmáná pọ̀ jù, tí mọ́tò fi gbiná."

Rahmon dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Sherif ní kí n fi 20 sí i. Mi ò rí 20. Mo ní èyí tó kéré ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi fagi lé ti inú ìwé, ẹ jọ̀ọ́."

"Bí ikú ilé ò pani..." Sherifdeen ò lè parí òwe náà. Omi ti dé ojú rẹ̀. "Àṣìṣe ni, Rahmon! Ká ní o sọ fún mi ni, mo máa sọ pé àwa méjèèjì la ṣe é. Àmọ́ ò ń gbé ẹ̀wà wá, ò ń jókòó wò mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán!"

Ike ẹ̀wà tòní wà lórí tábìlì, Sherifdeen kò tíì ṣí i. Ó tì í sọ́dọ̀ Rahmon.

"Gbé e. Ìwọ lo máa sùn síbí lónìí."