Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ Omi Náà Dà?

"Ìyá àgbà, títí di ìgbà wo lẹ máa bó kóró yìí? Ẹ kúkú da gbogbo ẹ̀ sódó!"

Mo-ti-mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti kàwé dé ibi tí kò ti gbọ́ràn mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kọ́ ọ tí kò ní sọ pé òun ti mọ̀. Ìyá tó bí ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. Ó ń bó kóró moríńgà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kó funfun inú rẹ̀ sínú àwo.

"Èèpo ò gbọdọ̀ wọ odó," ni ìyá àgbà wí níkẹyìn. "Tó o bá gún un tán, fi omi díẹ̀ pò ó, kó o fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ. Dà á sínú omi ẹlẹ́rẹ̀, rò ó kíákíá, lẹ́yìn náà kó o rò ó jẹ́jẹ́. Wá dé e fún wákàtí méjì, má fọwọ́ kàn án. Ẹrẹ̀ á lọ sílẹ̀ sídìí ike. Èyí tó bá tòrò lókè lo máa rọra dà, kó o sè é kí ẹnikẹ́ni tó mu ún." Ó na àpò kóró tó kù sí i. "Bó ìyókù bẹ́ẹ̀ lọ́la."

"Wákàtí méjì! Ẹ̀yin àgbà ò mọ̀ ju kẹ́ ẹ máa jókòó ti nǹkan lọ." Ó pòṣé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe eré o. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún méje ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni. Omi táǹkì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló fún un ní ìgbẹ́ gbuuru. Ọ̀gá obìnrin kan láti iléeṣẹ́ omi sì ti ṣèlérí pé bí kóró yìí bá ṣiṣẹ́ níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ọ̀la, òun á bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ omi táǹkì náà. Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tí wọ́n rí!

Nígbà tí ọ̀gá náà bu omi táǹkì fún un níbi ìdíje láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣé ẹ rò pé ó bó kóró? Tèèpo-tèèpo ló gún un. Kò sẹ́ ẹ, kò dúró. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń ṣí ike wò, tó ń mì ín jìgìjìgì, bí ẹni ń jí ọ̀lẹ lójú oorun. Omi dà bí èyí tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọ̀gá omi padà dé, ó dà á sí gọ́tà, ó já omi inú ọ̀rá mẹ́ta sínú ike. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun gbọ́n.

Ọ̀gá omi dé, ó wo òkè ike, ó wo ìdí rẹ̀.

"Omi tí mo bù fún ẹ láàárọ̀ láti inú táǹkì yẹn pọ́n bí amọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀ dà?"

"Ó ti... ó ti yọ́, mà."

"Ẹrẹ̀ yọ́? Ẹ gbà mí! Ọmọ sáyẹ́ǹsì ní ẹrẹ̀ yọ́!" Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀rá òfìfo mẹ́ta yọ lábẹ́ tábìlì. "Mo ti sọ fún wọn ní ọ́fíìsì pé ìtàn arúgbó lásán ni ọ̀rọ̀ kóró yìí. Tó bá ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ń purọ́ sí?" Ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá àgbà wà láàárín àwọn òbí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ sáré bá a, ó kúnlẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe lójú wọn."

"Ta ló máa wò ó? Ogún ọdún ni mo fi ń fọ omi bẹ́ẹ̀, tí inú ò run ẹnikẹ́ni nílé mi. Ọjọ́ kan ṣoṣo lo fi sọ mí di òpùrọ́. Kúrò níwájú mi jàre!"

Lọ́jọ́ Ajé, àbúrò rẹ̀ gbé báàgì kọ́ èjìká. Mo-ti-mọ̀ bu omi sísè sínú ike kékeré fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé wọ́n ti fọ omi táǹkì wa?"

"Rárá. Èyí ni kó o máa mu."

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi ńkọ́?"

Mo-ti-mọ̀ kàn dé ìdérí ike náà pinpin. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, ẹ má ṣe bíi ti Mo-ti-mọ̀ o. Ẹni tó bá lọ fi irọ́ gbe òótọ́ lẹ́sẹ̀, òótọ́ gan-an ló sọ di irọ́ lójú ayé, ọmọ ọlọ́mọ ló sì máa mu omi ẹlẹ́rẹ̀ nítorí rẹ̀.